Oògùn Tí A Ń Rà Láìwo Kóńgò

Ní ọjọ́ tí dókítà ní kí n kó gbogbo ohun tí mò ń gbé mì nítorí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi wá síwájú òun, ike mẹ́rin àti ìgò kan ni mo tò sórí tábìlì rẹ̀. Ike àkọ́kọ́ jẹ́ ti ááyù, èkejì jẹ́ ti atalẹ̀ pupa, ẹ̀kẹta jẹ́ ti òróró ẹja, ẹ̀kẹrin sì ni èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí mi láti Peckham ní ìlú London, tí wọ́n ya àwòrán ìrẹsì pupa sí lára. Àgbo ló wà nínú ìgò. Dókítà kò bínú, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn padà, ó ń ka ẹ̀yìn wọn, ìbéèrè kan náà ló sì ń bi mí lórí gbogbo wọn: "Ẹ̀yin tíṣà, báwo ni ohun tó wà nínú hóró kan ṣe pọ̀ tó?" Mi ò rí èsì fún un lórí ẹyọ kan nínú márààrún.

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara, nítorí pé inú ọjà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, níbi tí màámi ti ta ẹ̀wà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sí ẹni tó ń ra ẹ̀wà láìwo kóńgò. Oníbàárà tó gbọ́n á kọ́kọ́ gba kóńgò náà lọ́wọ́ ẹlẹ́wà, á dojú rẹ̀ dé, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lù ú wọnú, nítorí pé ìdí kóńgò tí wọ́n bá lù wọnú máa ń jí ẹ̀wà ìkúnwọ́ kan gbé mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró wo bí wọ́n ṣe ń bù ú, tí yóò ní kí wọ́n jẹ́ kí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó dáadáa, tí yóò sì tún béèrè ènì. Mo ti bá màámi dúró nídìí ìsọ̀ yẹn láti kékeré, mo mọ gbogbo ọgbọ́n náà. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀jẹ̀ ara mi, mo ń kó owó sílẹ̀ fún ohun tí n kò wo ìdí kóńgò rẹ̀.

Ìwé àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò ju ojú ewé kan lọ. Mo pé ọmọ ọdún 53 nígbà náà, kò sí ibi tó ń dùn mí, mo sì ń gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ wa láìmí hẹlẹ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 268, pé LDL, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀rá burúkú, jẹ́ 182, pé HDL, tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá rere, jẹ́ 48, tí triglycerides, tó jẹ́ irú ọ̀rá mìíràn, sì jẹ́ 190, gbogbo rẹ̀ ní mílígíráàmù nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Dókítà ní àwọn a máa fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ 200, kí LDL sì wà nísàlẹ̀ 100 bí ó bá ṣeé ṣe. Ó béèrè ohun tó pa bàámi. Mo ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ọmọ ọdún 61 ni wọ́n, pé oṣù méje ni wọ́n fi wà lórí ìdùbúlẹ̀ tí wọn kò lè gbé ọwọ́ ọ̀tún. Ó béèrè bóyá wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí nígbà ayé wọn. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí nǹkan yìí jẹ́, nítorí pé ìbẹ̀rù tí a kò mọ ìdí rẹ̀ ló ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá kọ́kọ́ na ike sí wa. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí mò ń sọ yìí, kì í ṣe ọ̀tá ara. Ó wà lára ohun tí ara fi ń ṣe awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, òun ló fi ń ṣe àwọn họ́mọ́ọ̀nù kan, òun náà ni ẹ̀dọ̀ fi ń pèsè òróǹro tó ń bá wa da ọ̀rá inú oúnjẹ. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tó ń ti inú oúnjẹ wọlé kò tó ìyẹn. LDL dà bí ọkọ̀ tó ń kó o kiri inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọkọ̀ bá pọ̀ jù lójú ọ̀nà, ẹrù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, títí ọ̀nà yóò fi fún. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibi tó ń dùn mí. Kì í dun ẹnikẹ́ni, títí di ọjọ́ tí ọ̀nà bá dí pátápátá.

Dókítà fẹ́ fún mi ní oògùn tó ń mú ọ̀rá yìí wálẹ̀, tí wọ́n ń pè ní státíìnì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní oṣù mẹ́ta ná. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn òyìnbó yẹn kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́, pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pé ó ń mú ènìyàn gbàgbé nǹkan. Ó gbà fún mi, ó sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oúnjẹ àti ìrìn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta nìkan ni etí mi gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Láti ọ́fíìsì rẹ̀, ilé ìtajà oògùn ni mo gbà lọ. Mo ra ááyù, mo ra atalẹ̀ pupa, mo ra òróró ẹja, mo sì ya ọ̀dọ̀ alágbo tó wà ní ìta wa. Mo ń lò wọ́n láràárọ̀ àti lálaalẹ́ bí ẹni ń kírun. Oúnjẹ mi kò yí padà. Mo ń jẹ dòdò, mo ń jẹ ẹran tí wọ́n dín títí tó fi ń dún lẹ́nu, nítorí ó dá mi lójú pé àwọn ike wọ̀nyẹn ń bá mi jà lẹ́yìn. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, LDL mi jẹ́ 178.

Ohun tí mo kà lẹ́yìn náà jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó yẹ kí n retí gan-an nìyẹn. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ááyù. Àwọn àgbàlagbà 192 tí LDL wọn ti ga díẹ̀ ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan ń jẹ ááyù tútù, àwọn kan ń lo irú hóró ááyù kan, àwọn kan ń lo irú mìíràn, àwọn tó kù sì ń lo hóró tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́fà. LDL kò lọ sílẹ̀ lọ́nà tó nítumọ̀ lára ẹnikẹ́ni nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọdún 2022, ilé ìwòsàn Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà tún gbé òmíràn jáde. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ṣe é, ènìyàn 190 ló sì bá a dé òpin. Wọ́n fi irú státíìnì kan tó ń jẹ́ rosuvastatin, mílígíráàmù 5, tó jẹ́ ìwọ̀n kékeré, wé òróró ẹja, èèpo igi sínámọ́nì, ááyù, atalẹ̀ pupa, àwọn èròjà ara ewéko tí wọ́n ń pè ní plant sterols, àti ìrẹsì pupa, wọ́n sì tún ní àwọn tí wọ́n fún ní hóró òfìfo. Státíìnì mú LDL wálẹ̀ ní ìdá 37.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹyọ kan nínú àwọn mẹ́fà yòókù tó ṣe ju hóró òfìfo lọ, kódà LDL àwọn tó ń lo ááyù ga ju ti àwọn tó ń lo òfìfo lọ díẹ̀. Ní ti òróró ẹja, triglycerides ló mọ̀ ọ́n mú wálẹ̀ bí wọ́n bá lò ó ní ìwọ̀n ńlá; iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, kì í ṣe LDL ló wà fún.

Mi ò sọ èyí láti fi àbùkù kan ááyù. Ó dára nínú ọbẹ̀, mo sì ń jẹ ẹ́ títí di òní. Ohun tó dùn mí ni oṣù mẹ́ta tí mo fi ṣòfò, àti ọkàn mi tó balẹ̀ nígbà tí kò yẹ kó balẹ̀.

Ìgbà tí mo sọ èsì náà fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù ni ó fi ike ìrẹsì pupa ránṣẹ́. Ó ní òun náà ń lò ó, pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ òun ti lọ sílẹ̀, pé ohun àdáyébá ni, kò ní kẹ́míkà nínú rárá. Lóòótọ́, lẹ́yìn oṣù méjì tí mo ti ń lò ó, LDL mi di 139. Inú mi dùn débi pé mo gbé ìwé àyẹ̀wò náà lọ han màámi. Láàárín àkókò yẹn, aládùúgbò wa kan tún sọ fún mi pé ọsàn gíréèpù a máa yọ́ ọ̀rá inú ara, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un mu ní ife ńlá kan láràárọ̀. Kò pẹ́ tí itan mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Kì í ṣe ìrora ẹni tó rìn jìnnà, nítorí àárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ bí mo bá ṣe ń jí. Ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún mi. Àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́ tí mo máa ń gùn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí mò ń fi ọwọ́ di irin rẹ̀ mú. Bí mo ṣe kó ike mẹ́rin àti ìgò kan dé iwájú dókítà nìyẹn.

Nígbà tí ó kan ike ẹ̀kẹrin, ó kà á, ó tún un kà, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti ń lo státíìnì. Ẹ kàn jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ni."

Ìtàn tó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, tí mo sì ti kà síwájú sí i láti ìgbà náà, ni ó yí èrò mi padà nípa ohun tí a ń pè ní àdáyébá. Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Jàpáàn tó ń jẹ́ Akira Endo, ọmọ àgbẹ̀ láti agbègbè Akita, tí wọ́n bí ní ọdún 1933, tó sì kú ní ọdún 2024. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oògùn Sankyo ní Tokyo nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kí ó má baà máa ṣe kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ju bó ṣe yẹ lọ. Inú nǹkan tó máa ń hù lára oúnjẹ tó bá bu ni ó ti ń wá a. Láti ọdún 1971, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó tó 6,000 wò, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n ń wá ní ọdún 1973, nínú ohun aláwọ̀ ewé kan tó hù lára ìrẹsì láti ìsọ̀ oníhóró kan ní ìlú Kyoto. Baba gbogbo státíìnì nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún rí òmíràn nínú Monascus, ìyẹn ohun tó ń hù tí àwọn ará Ṣáínà ti fi ń sọ ìrẹsì di pupa láti ayé àtijọ́, irú ìrẹsì pupa tó wà nínú ike mi, ó sì pè é ní monacolin K. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà náà rí èròjà kan lọ́nà tiwọn, wọ́n pè é ní lovastatin, òun sì ni státíìnì àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, ní ọdún 1987. Nǹkan kan náà ni monacolin K àti lovastatin. Ìyàtọ̀ kan kò sí.

Ẹ wò ó, oògùn òyìnbó tí mo sá fún, inú ìrẹsì tó bu ni wọ́n ti rí i. Ohun àdáyébá tí mo sá lọ bá, oògùn kan náà ni. Ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju pé ọ̀kan ní ìwọ̀n, ìkejì kò ní. Lára hóró tí dókítà ń kọ fún ènìyàn, wọ́n á kọ ọ́ pé mílígíráàmù 10 tàbí 20, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí lóṣù yìí àti lóṣù tó ń bọ̀. Lára ike mi, mílígíráàmù 600 ìrẹsì pupa ni wọ́n kọ. Wọn kò sọ iye monacolin tó wà nínú rẹ̀. Ike kan lè ní púpọ̀, òmíràn lè má ní rárá, ó sì lè jẹ́ ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n lò ní Cleveland kò fi ṣiṣẹ́ tí tèmi sì ṣiṣẹ́. Bí wọn kò bá sì ṣe é dáadáa, ohun mìíràn tó ń jẹ́ citrinin lè hù nínú rẹ̀, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 2022, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé monacolin tí ènìyàn yóò lò lóòjọ́ láti inú irú ike bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ tó mílígíráàmù 3, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye rẹ̀ àti ìkìlọ̀ sí i lára. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, ní Jàpáàn tí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti kó irú oògùn àfikún yìí padà lórí àtẹ nítorí àwọn tó lò ó tí kíndìnrín wọn bàjẹ́.

Ọsàn gíréèpù ńkọ́? Ohun kan wà nínú ìfun wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fọ́ púpọ̀ nínú lovastatin kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Omi gíréèpù a máa pa iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà, oògùn tí n kò mọ̀ pé mò ń lò, ní ìwọ̀n tí n kò mọ̀, ni mo tún fi ọwọ́ ara mi sọ di ìlọ́po níbi tí mo ti ń wá ìlera. Ìdí tí itan fi ń ro mí nìyẹn. Dókítà ní kí n dá méjèèjì dúró. Ó yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò, ó yẹ iṣan wò, Ọlọ́run sì bá mi ṣe é, kò sí èyí tó bàjẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń dìde lórí àga láìti orúnkún.

Mo padà sọ́dọ̀ alágbo láti bá a sọ̀rọ̀, nítorí mo rò pé ó yẹ kí ó gbọ́. Àgbàlagbà obìnrin ni, ó sì mọ ewé. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú àgbo náà, kò fi pamọ́: ó ní ewúro wà níbẹ̀, ó ní atalẹ̀, ó ní èèpo igi kan tí ìyá rẹ̀ fi hàn án. Mo béèrè ìwọ̀n, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó ká ìka mọ́ àtẹ́lẹwọ́: ìdì tó bá kún ibí yìí, nínú ìkòkò tó tó báyìí. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí ní ohun tó mú ojú tì mí. Ó ní, "Tíṣà, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ wá, mo bi yín pé ṣé ẹ ń lo oògùn mìíràn. Ẹ ní rárá." Òótọ́ ni. Mo purọ́ fún un, mo sì tún purọ́ fún dókítà nípa rẹ̀, nítorí mo rò pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn yóò bá mi wí nítorí ìkejì. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló léwu jù.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe ní àwọn yunifásítì wa lórí ewúro, lórí mọ̀ríńgà, lórí orógbó àti ìsápá tí a fi ń ṣe zobo, mo sì ń yangàn nítorí wọn. Ṣùgbọ́n ara eku ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú omi ewé tí wọ́n ti fún, tí wọ́n ti gbẹ, tí wọ́n sì wọ̀n sí bí eku kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó. Láti ibẹ̀ dé ife àgbo tí ènìyàn ń gbé mu ní ìdí ọkọ̀, ọ̀nà jìn. Àwọn tó ń tà á kì í rin ọ̀nà náà kí wọ́n tó kọ ọ́ sára ìgò pé ó ń wo rírù ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá ara pọ̀. Kí ẹ yí irú ìgò bẹ́ẹ̀ padà, ẹ ó rí lẹ́tà kéékèèké lára ọ̀pọ̀ èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Nọ́ńbà náà kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣiṣẹ́. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi ni ti oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ohun àdáyébá tí wọ́n ti wọ̀n. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà kó ìwádìí 26 pọ̀ lórí ẹ̀wà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìwọ̀n tó tó gíráàmù 130 tí a ti sè lóòjọ́, tí kò tó ife ìmutíì kan, a máa mú LDL wálẹ̀ ní bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 5 kò pọ̀, mi ò sì ní sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó dájú, kò sì ní itan ríro nínú. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ wù mí púpọ̀. Mo ti ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń pèsè òróǹro. Lẹ́yìn tí òróǹro bá ti ṣiṣẹ́ tán nínú ìfun, ara kì í sọ ọ́ nù, ó máa ń fà á padà láti tún un lò. Fáíbà ni apá ohun ọ̀gbìn tí ara wa kì í lè dà. Irú èyí tó ń yọ̀, tó wà nínú ẹ̀wà, nínú ọ́ọ̀tì àti nínú ilá, a máa dì mọ́ òróǹro náà, a sì mú un jáde pẹ̀lú ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀ yóò wá ṣe òmíràn, inú ẹ̀jẹ̀ ni yóò sì ti lọ kó kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí yóò fi ṣe é. Ẹni tó bá ti rí bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń fà láti inú àwo dé ẹnu ti rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

David Jenkins, onímọ̀ nípa oúnjẹ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ní Kánádà tiẹ̀ gbìyànjú ohun tó ju ìyẹn lọ ní ọdún 2003. Wọ́n kó àwọn ènìyàn 46 jọ, wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí wọ́n to ọ́ọ̀tì, bálì, ilá, ìgbá, sóyà, èso álímọ́ńdì àti plant sterols pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní lovastatin mílígíráàmù 20. Lẹ́yìn oṣù kan, LDL àwọn tó lo oògùn lọ sílẹ̀ ní ìdá 30.9, ti àwọn tó jẹ oúnjẹ náà lọ sílẹ̀ ní ìdá 28.6. Ilá àti ìgbá! Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Síbẹ̀, gbogbo oúnjẹ wọn ni wọ́n ń fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì wọ̀n fún wọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2011, tí wọ́n gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn tí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa se é nílé ara wọn fún oṣù mẹ́fà, bí ìdá 13 ló lọ sílẹ̀. Ilé la ń gbé, kì í ṣe inú ìwádìí.

Epo pupa ńkọ́? Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni, kò sí òróró ewéko kan tó ní in. Ṣùgbọ́n bí ìdajì epo pupa ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ fi LDL sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, àdín sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò lè jẹ ẹ̀fọ́ láìsí epo, mi ò sì ní díbọ́n pé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dín ìwọ̀n rẹ̀ kù ni. Ṣíbí méjì la fi ń se ìkòkò ọbẹ̀ tí a máa ń da odindi ife sí tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn níhìn-ín, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ adúláwọ̀ ní Indianapolis lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ àìsàn ìgbàgbé ni wọ́n bá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ti àwọn ará Ìdíkàn sì kéré ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ju ti àwọn ará Indianapolis lọ. Mo máa ń rò ó pé ìran kan náà ni àwọn àgbà wọ̀nyẹn àti bàbá bàámi. Oúnjẹ wọn ni àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú, ẹ̀fọ́. Ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń rìn dé ọjà. Èmi tí mo ń jókòó nínú ọkọ̀, tí mo ń jẹ ẹran díndín, mo wá ń ra ohun tí wọ́n ní lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ike.

Àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ẹlòmíràn wà tí a bí i mọ́ ọn, bí ẹnì kan nínú 250, tí LDL rẹ̀ yóò ga bí ó tilẹ̀ ń jẹ ewé lásán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò oògùn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀. Dókítà mi gbà pé ó ṣeé ṣe kí tèmi ní ọwọ́ bàámi nínú. Ó kọ rosuvastatin mílígíráàmù 5 fún mi, irú tí gíréèpù kì í yọ lẹ́nu, pẹ̀lú ẹ̀wà, pẹ̀lú ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ní àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, LDL mi jẹ́ 101. Itan mi kò ro mí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, a pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, èmi àti màámi. Dókítà tirẹ̀ ní London ti kọ státíìnì fún un láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò lò ó, ìrẹsì pupa ló ń lò dípò, kò sì sọ fún wọn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ike yẹn, kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè." Ó lọ gbé e. Ó ka orúkọ rẹ̀, ó ka mílígíráàmù 600, ó ka pé kí ènìyàn lo méjì lóòjọ́. Mo ní kí ó wá monacolin fún mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò rí i níbẹ̀. Mo wá sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún un, láti orí itan dé orí ọsàn, kò sì já lu ọ̀rọ̀ mi títí mo fi parí. Ó ní òun yóò kó wọn lọ bá dókítà òun ní ọjọ́ Ọjọ́rú.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni wọ́n fẹ́ sọ.

"Ṣé wọ́n ń ta olóyin lọ́dọ̀ yín níbẹ̀?"

"Wọ́n ń tà á, Màámi. Ó pọ̀ ní Rye Lane."

"Kóńgò wo ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n?"

"Wọn kì í lo kóńgò, mà. Inú ọ̀rá ló máa ń wà, wọ́n á ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára."